Wọ́n Ní Fóònù Ń Ṣe Gbogbo Rẹ̀

Wọ́n ní kí n lọ dúpẹ́. Ẹni tó gba nǹkan ọmọ mi lọ́wọ́ ọmọ mi, tó fi ohun tí mo ti ní mi ò fẹ́ rọ́pò rẹ̀, òun ni ọkọ mi ní kí n pè láàárọ̀ Sátidé, kí n sì sọ pé ẹ ṣé àná o, mà. Mo ní kí Déolú tún un sọ, bóyá omi ló wọ̀ mí létí. Ó tún un sọ. Ó tilẹ̀ fi kún un pé òun ti pè ní tòun, òun ti dúpẹ́ lórúkọ àwa méjèèjì, ó kàn yẹ kí wọ́n gbọ́ ohùn tèmi náà ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Lọ́jọ́ Fúráìdé, àwọn ọmọ ò lọ sílé ìwé torí pé àwọn tíṣà ní ìpàdé. Èmi ń lọ síbi iṣẹ́ ní Camp Springs níbí ní Amẹ́ríkà, Déolú náà ń lọ síbi iṣẹ́, la bá gbé Zoe, ọmọ wa, lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n Déolú obìnrin ní Mitchellville. Ọmọ́kẹ́mi lorúkọ wọn, ṣùgbọ́n èmi ìyàwó ilé ò gbọ́dọ̀ fi ẹnu mi pè é. Stephanie ni àkọ́bí wọn, nítorí náà Mọ́mì Stephanie ni mò ń pè wọ́n. Zoe gbé géèmù rẹ̀ dání lọ. Nígbà tí bàbá rẹ̀ lọ gbé e nírọ̀lẹ́, fóònù ńlá tuntun ló wà lọ́wọ́ ọmọ, géèmù ò sì sí mọ́. Èmi pẹ́ níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ náà, ọmọ ti sùn kí n tó wọlé. Àfi bí mo ṣe jí, tí mo rí fóònù lórí tábìlì oúnjẹ, tó ń dán bí ojú ẹni tó jalè tí wọn ò mú.

Mo bi Déolú pé fóònù ta nìyí. Ó ní ti Zoe ni, ẹ̀gbọ́n òun ló fún un. Mo ní géèmù ẹ̀ ńkọ́? Déolú bẹ̀rẹ̀ sí í fọ ife tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun ti kó o pọ̀ mọ́ ẹrù tí Bọ̀dá Oyèwálé, èèyàn ìjọ wa, máa gbé lọ sílé, kí wọ́n lè fún Èyíwùnmí, ọmọ àbúrò wọn tó wà ní Ìbàdàn. Ó ní fóònù ń ṣe gbogbo ohun tí géèmù ń ṣe, kí ni ọmọ kan fẹ́ fi méjì ṣe?

Ọmọ ọdún méjìlá ni Zoe. Mo ti sọ fún gbogbo ìdílé Déolú, mo sọ ọ́ lójúkojú, mo sọ ọ́ lórí ẹ̀rọ, pé ọmọ mi ò ní í di fóònù mú títí yóò fi tó ìgbà tí èmi fúnra mi bá ní ó tó. Géèmù yẹn ni mo rà fún un dípò rẹ̀. Kò tóbi ju àwo kékeré lọ, bọ́tìnnì wà lọ́tùn-ún, bọ́tìnnì wà lósì, kò lè pe ẹnikẹ́ni, ẹnikẹ́ni ò sì lè pè é. Ìyẹn gan-an ni mo ṣe rà á. Nínú rẹ̀ ni Zoe ti kọ́ abúlé kan, ó ti ń kọ́ ọ bọ̀ láti ìgbà tó ti kéré. Ó gbẹ́ kànga síbẹ̀, ó gbin àgbàdo, ó sin ewúrẹ́, ó sì fi orúkọ àwọn èèyàn ṣọ́ọ̀ṣì wa sọ àwọn ewúrẹ́ náà. Èyí tó nírùngbọ̀n jù nínú wọn ló sọ lórúkọ fíkà, àlùfáà ìjọ wa.

Ẹ má rò pé mi ò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láyé. Mo mọ̀ pé fóònù ti lu irú ẹ̀rọ géèmù bẹ́ẹ̀ bolẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀bù, igun kan báyìí ni wọ́n kó o sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn nǹkan tí wọ́n fẹ́ tà dànù. Bridget tá a jọ ń ṣiṣẹ́ rẹ́rìn-ín títí nígbà tí mo rà á, ó ní irú nǹkan tí òun fi ń ṣeré nígbà tí òun wà lọ́mọdé ni mo lọ rà fún ọmọ ayé òde òní. Mo ní kó máa rẹ́rìn-ín. Fóònù mọ iṣẹ́ púpọ̀, mo gbà. Ìjà tí mo bá a jà nìyẹn. Ẹni tó lé eku méjì á pòfo, ẹni tó wá ń lé ẹgbẹ̀rún ńkọ́? Èèyàn gbé fóònù láti gbá bọ́ọ̀lù díẹ̀, ìpolówó ti já lu eré. Èèyàn gbé e sílẹ̀, ó tún ń ké láti inú àpò pé padà wá, ẹ̀bùn ń dúró dè ọ́. Ṣé òun ló bí ọmọ mi ni tó fi ń pè é? Géèmù Zoe ní tiẹ̀, bí o bá ti pa á, ó ti pa. Kò ní wá ọ wá sórí ibùsùn.

Mo bi Déolú pé ìgbà wo ni Bọ̀dá Oyèwálé ń lọ. Ó ní ọ̀la ni, wọ́n ń di ẹrù lónìí nílé ẹ̀gbọ́n òun. Kó tó sọ̀rọ̀ tán mo ti mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀. Mo ju fóònù sínú báàgì mi, mo ní kí Zoe wọ bàtà. Déolú sáré tẹ̀ lé wa tòun ti ife lọ́wọ́.

Láti Seat Pleasant dé Mitchellville kò jìnnà, ṣùgbọ́n ẹnu Déolú mú kó jìnnà lọ́jọ́ yẹn. Ó ní àgbà ni ẹ̀gbọ́n òun. Ó ní wọn ò ní èrò ibi lọ́kàn. Ó ní ṣé mo ti gbàgbé pé nígbà tá a ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Amẹ́ríkà, ìsàlẹ̀ ilé wọn la sùn sí títí a fi rí ilé tiwa. Báwo ni mo ṣe fẹ́ gbàgbé nígbà tí wọ́n ń rán mi létí ní gbogbo Kérésìmesì? Mo ti dúpẹ́ ilé yẹn títí eékún mi fi bó. Mo ní kó jọ̀ọ́, kó mu tíì ẹ̀, kó jẹ́ kí n wakọ̀. Zoe jókòó sẹ́yìn. Mo fi Gẹ̀ẹ́sì bi í bóyá ó fẹ́ fóònù náà. Ó ní òun fẹ́ ẹ. Mi ò bínú sí i, ọmọ wo ni kò níí fẹ́ ẹ? Mo bi í bóyá ó fẹ́ kí wọ́n gbé géèmù rẹ̀ lọ. Mo rí ojú rẹ̀ nínú dígí. Ó ní òun rò pé Àǹtí kàn fẹ́ bá òun tọ́jú rẹ̀ títí òun fi máa tún wá ni, àfi bí Dádì ṣe fi Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́ nínú ilé ìdáná ni òun ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ pé ó ń lọ sí Ìbàdàn.

A dé ilé ńlá yẹn. Báàgì kún pálọ̀ débi pé kò sí ibi téèyàn máa fi ẹsẹ̀ sí. Bọ̀dá Oyèwálé tó ń rìnrìn àjò dúró láàárín ẹrù, ó fi ìwọ̀n kékeré gbé báàgì kan sókè, ó di èémí mú bí ẹni tó ń mòòkùn lómi. Gbogbo ẹni tó bá ń lọ sílé ló mọ ìyà yẹn, bàtà tiẹ̀ méjì, ẹrù ará ìjọ ogójì. Stephanie tó ti yunifásítì dé fún ìparí ọ̀sẹ̀ jókòó sórí àga, ó ń wo fóònù. Mọ́mì Stephanie rí mi, wọ́n sì la ẹnu.

"Ìyàwó wa, o káre. Mo sọ fún wọn pé ìwọ ò ní í fi ẹnu orí ẹ̀rọ dúpẹ́, pé wàá wá fúnra ẹ."

Mo kúnlẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé mo kúnlẹ̀, ẹ sì kíyè sí i pé mo ṣì ń pè wọ́n ní "wọ́n" títí di ìsinsìnyí. Ẹ̀kọ́ ilé mi ò sọnù, sùúrù mi ló tán.

"Ẹ káàárọ̀, mà," mo ní. "Mo wá gba géèmù ọmọ mi."

Bọ̀dá Oyèwálé rọra gbé báàgì sílẹ̀.

Mọ́mì Stephanie kọ́kọ́ ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Wọ́n bèèrè bóyá mo ti jẹun. Mo ní mo ti yó. Wọ́n wo àbúrò wọn lójú, àbúrò wọn wo kápẹ́ẹ̀tì. Wọ́n wá ní géèmù wo ni mò ń sọ, ṣé èyí tí àwọn àti Zoe ti jọ fi ṣe pàṣípààrọ̀? Wọ́n ní àwọn ò jí nǹkan ọmọ, ó bí èèyàn nínú pé èmi máa ronú bẹ́ẹ̀ sí àwọn nínú ilé àwọn. Àwọn bi ọmọ náà léèrè dáadáa, Stephanie wà níbẹ̀. Àwọn ní, "Zoe, ṣé kí n fi èyí ránṣẹ́ sí Èyíwùnmí, kí n wá fún ìwọ ní fóònù?"

"Kí ló fèsì?" mo ní.

"Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ó tún kúnlẹ̀."

Stephanie mi orí pé òótọ́ ni. Déolú wò mí bí ẹni tó ti jàre ẹjọ́.

Ara mi gbóná débi pé ó ń pa mí lẹ́rìn-ín. Nítorí mo mọ "bẹ́ẹ̀ ni, mà" yẹn dáadáa. Gbogbo Yorùbá tí Zoe gbọ́ kò kọjá ẹ káàárọ̀, wá jẹun, àti orúkọ ọbẹ̀ díẹ̀. Bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ pé bí àgbà kankan bá fi Yorùbá bá a sọ̀rọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, kó sáà kúnlẹ̀, kó ní bẹ́ẹ̀ ni, mà, tó bá jẹ́ ọkùnrin, bẹ́ẹ̀ ni, sà. Iṣẹ́ ti tán nìyẹn. Àwọn ìyá ìjọ á wá máa gbá a lẹ́yìn pé ẹ wo ọmọ tó gbẹ́kọ̀ọ́, bí ẹni pé kì í ṣe Amẹ́ríkà ni wọ́n bí i sí. Àwọn kan tilẹ̀ ń fi í bú ọmọ tiwọn. Ọmọ tí wọ́n ń yìn yẹn ò mọ ohun tó ń jẹ́wọ́ fún wọn láti ọjọ́ yìí.

Mo dìde. Mo yíjú sí ọmọ mi, mo mú ohùn àwọn ìyá ìjọ, èyí tó dùn mọ̀ràn-ìn mọran-in yẹn.

"Zoe, ọmọ dáadáa. Ṣé kí n fá orí ẹ kodoro, kí Bọ̀dá Oyèwálé dì ẹ́ mọ́ bàtà àti ìpara, kí wọ́n gbé ẹ lọ sí Ìbàdàn lọ́la?"

Zoe wo ojú gbogbo wa níkọ̀ọ̀kan. Ó rí i pé àgbà pọ̀ níbẹ̀, ó rí i pé Yorùbá ni. Ó fi eékún méjèèjì kanlẹ̀.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Bọ̀dá Oyèwálé ló kọ́kọ́ tú jáde. Ó rẹ́rìn-ín débi pé ìwọ̀n bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Stephanie náà rẹ́rìn-ín, àfi ìgbà tí ìyá rẹ̀ wò ó ló tó rántí pé òun ò gbọ́dọ̀ rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Mo fa ọmọ mi dìde, mo gbọn eékún rẹ̀.

Mọ́mì Stephanie bínú wàyí. Ohùn wọn gòkè, wọ́n ní mo wá fi àwọn ṣe yẹ̀yẹ́ nínú ilé àwọn. Wọ́n ní kí ni mo tilẹ̀ ń bá ayé jà sí, lórí ohun ìṣeré ọmọdé. Wọ́n ní Zoe nìkan ló kù nínú ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì tí kò ní fóònù, bí àwọn yòókù bá ti kóra jọ, tí wọ́n ń fi nǹkan ránṣẹ́ síra wọn, òun á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ọmọ tí ò lẹ́nìkan. Wọ́n ní ojú ń ti àwọn. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára díẹ̀, mi ò ní purọ́, torí pé èmi náà ti rí i bó ṣe ń dúró. Ṣùgbọ́n ta ni ojú ń tì? Ṣé ọmọ ni, àbí àwọn?

"Fóònù ń ṣe gbogbo rẹ̀," ni wọ́n wí. "Géèmù wà nínú ẹ̀, Bíbélì wà nínú ẹ̀, kámẹ́rà wà nínú ẹ̀, máàpù wà nínú ẹ̀. Ta ló tún ń gbé nǹkan tó jẹ́ géèmù nìkan ló mọ̀ kiri láyé tá a wà yìí? O fẹ́ fa ọmọ sẹ́yìn ni, kò sí nǹkan míì."

Mo yọ fóònù jáde nínú báàgì mi, mo nà án sí Bọ̀dá Oyèwálé.

"Ọ̀rọ̀ ti tán nígbà yẹn," mo ní. "Ẹ bá wa di èyí síbẹ̀ dípò rẹ̀, sà. Ó ń ṣe gbogbo rẹ̀. Kí Èyíwùnmí máa fi ṣe géèmù, kó máa fi ka Bíbélì, kó máa fi wo máàpù Ìbàdàn. Kí wọ́n fún wa ní èyí tí kò wúlò yẹn."

Bọ̀dá Oyèwálé na ọwọ́ ààbọ̀. Mọ́mì Stephanie gbá ọwọ́ náà sílẹ̀.

"Èyíwùnmí kẹ̀? Fóònù? Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án? Ṣé orí ẹ pé báyìí, ìyàwó? Níbo ni bàbá ẹ̀ ti máa rí dátà tí nǹkan yẹn máa jẹ? Kí àwọn èèyànkéèyàn tá ò mọ̀ máa bá ọmọ sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀, kó máa wo ìwòkuwò, kó má lè kàwé mọ́? Géèmù yẹn ló dáa fún un. Kò fẹ́ dátà, kò sẹ́ni tó lè gbabẹ̀ bá a sọ̀rọ̀, bí wọ́n bá ní kó pa á, á pa á, ó ti tán nìyẹn, ọkàn ìyá ẹ̀ á balẹ̀..."

Wọ́n ti gbọ́ ara wọn. Mo rí i níbi tí ọ̀rọ̀ náà ti padà wọlé sí wọn létí. Stephanie gbé orí kúrò lójú fóònù tiẹ̀. Déolú pàápàá wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó wá wo èmi, bí ìgbà téèyàn ń wo ọmọ ayò.

Mo lè sọ ohun púpọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí, ẹ mọ ohun tí ẹnu mi lè ṣe. Ọ̀kan péré ni mo sọ.

"Ọkàn ìyá Èyíwùnmí gbọ́dọ̀ balẹ̀. Tèmi ńkọ́, mà?"

Wọ́n yíjú sí Déolú, wọ́n ní kó sọ fún ìyàwó ẹ̀ inú ilé ẹni tá a gbé nígbà tí a ò ní ilé. Mo mọ̀ pé ó ń bọ̀. Ibi tí wọ́n máa ń sá sí nìyẹn bí ọ̀rọ̀ bá ti pin.

"Ilé yìí la gbé, mà," mo ní, "a sì ti dúpẹ́ rẹ̀, a ó tún máa dúpẹ́ rẹ̀. Ọmọ ò sí lára ọpẹ́ náà."

Mo bèèrè báàgì tó wà nínú rẹ̀. Bọ̀dá Oyèwálé fi àgbọ̀n tọ́ka sí èyí tó búlúù. Mo tú u níṣojú gbogbo wọn. Mo gbé táwẹ́ẹ̀lì kúrò, mo gbé agolo fítámìnì kúrò, mo kan géèmù níbi tí wọ́n ti fi ìbọ̀sẹ̀ ọmọdé wé e. Mo gbé fóònù lé orí tábìlì wọn, mo rọra gbé e, kí wọ́n má baà ní mo ju nǹkan mọ́ àwọn. Zoe fi ojú tẹ̀ lé fóònù náà títí ó fi balẹ̀. Mo rí i. Ó dùn mí, mo sì fi í síbẹ̀.

Mo ní bí wọ́n bá fẹ́ ṣe Èyíwùnmí lóore, mo mọ ibi tí wọ́n ti ń ta irú géèmù náà, èmi fúnra mi á mú wọn débẹ̀ lónìí. Mọ́mì Stephanie ní láti òní lọ, kí ẹnikẹ́ni má fi ọ̀rọ̀ ọmọ yẹn lọ àwọn mọ́. Mo ní mo gbọ́, mà. Bọ̀dá Oyèwálé ti tún gbé báàgì búlúù kọ́ ìwọ̀n, ó ń sọ ọ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ fún ara rẹ̀ pé bóyá bàtà òun kan lè rí àyè báyìí. Mo kúnlẹ̀ pé ó dàbọ̀, a jáde.

Nínú ọkọ̀, Zoe tan géèmù rẹ̀. Mò ń retí kí n gbọ́ ariwo àwọn ewúrẹ́ yẹn, wọ́n máa ń ké bí wọ́n bá ti tan án. Mi ò gbọ́ nǹkan kan. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ò gbọ̀n rárá, ìyẹn gan-an ló já mi láyà.

Ó ní, "Mọ́mì, kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́."

Mo yà sí ẹ̀gbẹ́ títì lórí Central Avenue. Ó na géèmù sí mi. Ojú géèmù náà funfun báláú, ó kàn ń bèèrè pé kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á tẹ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀. Déolú pe Stephanie, ó gbé ohùn rẹ̀ síta kí n lè gbọ́. Ọmọbìnrin náà ní àwọn ti nù ún mọ́, àwọn pa gbogbo ohun inú rẹ̀ rẹ́, ní alẹ́ àná kó lè dà bíi tuntun lọ́wọ́ Èyíwùnmí, Mọ́mì òun ló ní kí òun ṣe é. Ó ní sọ́rì, Ọ́ńkù. Ó ní sọ́rì náà lọ́nà tí wọ́n ń gbà sọ ọ́ bí wọ́n bá gbá èèyàn lẹ́sẹ̀ láàárín èrò.

Mo na ọwọ́ sí jíà, mò ń padà lọ. Kò sí ohun tí mi ò ní sọ lọ́jọ́ yẹn, kódà bó jẹ́ fíkà fúnra rẹ̀ ló wà ní pálọ̀. Déolú ní kí n fi sílẹ̀, nǹkan inú ẹ̀rọ lásán ni, kò ṣe é fọwọ́ kàn. Mo bi í pé kí ló wà nínú fóònù rẹ̀ tó ṣe é fọwọ́ kàn? Ṣé àwòrán ìyá rẹ̀ tó wà níbẹ̀, kí n nù ún mọ́? Ó ní rárá, òun á sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n òun, òun fúnra òun, kì í ṣe èmi. Mo wò ó títí mo fi rí i pé ó jọ òótọ́. Ṣùgbọ́n ìyẹn ò mú ewúrẹ́ kankan padà.

Zoe ti gba géèmù rẹ̀ lọ́wọ́ mi. Mo gbọ́ orin kékeré kan lẹ́yìn, irú èyí tó máa ń kọ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ó fi Gẹ̀ẹ́sì bèèrè pé kí ni kí òun sọ abúlé náà báyìí. Gbogbo orúkọ tó wá sí mi lẹ́nu, kò sí èyí tó yẹ kí ọmọdé gbọ́. Mo ní mi ò mọ̀. Ó ní kò burú, òun á kọ́kọ́ wá ibi tí omi wà ná. Mo tún ọkọ̀ gbé sójú títì, mò ń wa nìṣó lọ sí Seat Pleasant, mò ń gbọ́ bó ṣe ń gbẹ́lẹ̀.